Ẹ Bi Wá: Iṣẹ́ Wo Ni Oògùn Náà Ń Bá A Ṣe?

Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ bárakú ti wọ ojú ewé yìí, lẹ́tà tó ń wọlé láti Ìlọrin àti gúúsù Kwara ti ju èyí tí àyè gbà lọ. Mẹ́fà la mú lóṣù yìí. A yọ orúkọ kúrò, a sì gé àwọn tó gùn.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún 23, ti ń lo tramadol láti bí ọdún mẹ́ta. Bàbá rẹ̀ ti nà án títí. A ti gbé e lọ sọ́dọ̀ ààfáà, a ti ṣe sàráà. Ní báyìí, dókítà ọpọlọ ní kó máa wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kí àwọn jọ máa sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu! Ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n fẹ́ fi wo ohun tí ẹgba kò wò? (Ìyá kan, Òkèlele, Ìlọrin)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìrọ́jú o, ìyá wa. Ọ̀rọ̀ tí dókítà ń wí yàtọ̀ sí èyí tí ẹ ti bá a sọ nílé. Nílé, ohun tí gbogbo wa máa ń bi ọmọ ni pé, “Kí ló dé tí o ò lè jáwọ́?” Ní ibi tó ń lọ yìí, ohun tí wọ́n á bi í ni pé, “Iṣẹ́ wo ni oògùn yìí ń bá ọ ṣe?” Ọmọ tí wọn kò bi léèrè bẹ́ẹ̀ rí lè jókòó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó fèsì.

Psychodynamic therapy ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Ohun tí wọ́n gbà ni pé ọ̀pọ̀ nǹkan tó ń ti èèyàn ṣe ohun tó ń ṣe ló wà nísàlẹ̀ ikùn, tí ẹni náà fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀: òkú tí kò sunkún rẹ̀, ìtìjú ìgbà èwe, ìbínú sí òbí tí ọmọ tó bá ní ẹ̀kọ́ kò gbọdọ̀ sọ jáde. Edward Khantzian, dókítà ọpọlọ ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1985 pé àwọn tí òun ń tọ́jú kì í ṣèèṣì bọ́ sórí oògùn tí wọ́n ń lò. Àwọn tí ìbínú ń hó nínú wọn sábà máa ń di mọ́ heroin àti àwọn ẹbí rẹ̀, èyí tí codeine àti tramadol wà lára wọn, torí ó máa ń pa iná náà. Àwọn tí inú wọn ṣófo máa ń wá ohun tó ń ta wọ́n jí, bíi cocaine. Àwọn tó ti ti ọkàn wọn pa, tí ẹnu wọn kò gbà láti sọ pé ẹ̀rù ń bà wọ́n tàbí pé wọ́n fẹ́ràn ẹnì kan, ọtí ló máa ń bá wọn ṣí i.

Èyí kì í ṣe òfin tí kì í yẹ̀. Ẹlòmíràn wà tí ọ̀rẹ́ lásán fà wọ inú rẹ̀, tó jẹ́ pé ìbànújẹ́ tí ẹ ń rí lójú rẹ̀ lónìí, oògùn ló dá a sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí dókítà tó mọṣẹ́ fi máa ń jẹ́ kí oògùn ti kúrò lára fún bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kó tó sọ pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Tramadol tiẹ̀ tún ní ojú méjì. Ó ń pa ìrora, ó sì tún ń gbé serotonin àti noradrenaline sókè nínú ọpọlọ, àwọn èròjà kan náà tí oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá ṣiṣẹ́. Nígbà tí ọlọ́kadà tàbí bíríkìlà bá sọ pé “Ó ń fún mi lágbára,” kò purọ́. Bí a bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ohun méjì la gbà lẹ́ẹ̀kan náà: èyí tó ń pa ẹ̀yìn ríro, àti èyí tó ń gbé ọkàn rẹ̀ dúró. Ara lè balẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, kí ọkàn ṣì máa wá a kiri fún oṣù. (Ẹ tún jẹ́ kí ọmọ yín mọ èyí: 400 mílígíráàmù lójúmọ́ ni òpin tí dókítà kì í kọjá. Ẹni tó gbé hóró oní-225 méjì mì ti kọjá ibẹ̀, gìrì sì lè mú un.)

Bí ìjókòó náà ṣe ń rí nìyí. Ìṣẹ́jú 45 sí 50 ni, ọjọ́ kan náà, wákàtí kan náà, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọmọ á ní, “Mo kàn mu ún lọ́jọ́ Sátidé ni. Kò sí nǹkan kan.” Olùtọ́jú kò ní bá a jà. Á ní, aago mélòó lo mu ún? Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Aago mélòó ló kọ́kọ́ wá sọ́kàn rẹ? Ọmọ á ronú: bí aago méjì. Ta lo rí kó tó di aago méjì? Mo yà kí bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Kí ni wọ́n sọ? Wọ́n ní kí n wo ọmọ Àlhájì òdìkejì, ó ti ra ilẹ̀. Kí lo wá sọ? Mo rẹ́rìn-ín ni. Mo ní, “Ẹ ṣé, sà.”

Ibi ẹ̀rín yẹn ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Inú yẹ kó bí i, kò sì jẹ́ bí i, torí bàbá ni. Lance Dodes, ará Amẹ́ríkà mìíràn tó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ yìí, ṣàkíyèsí pé ara máa ń tu oní-bárakú kó tó mu oògùn rárá, ní kété tó bá ti pinnu pé òun á mu ún. Ó ní ohun tó fà á ni pé ẹni náà wà níbi tí apá rẹ̀ kò ti ká nǹkan, ìpinnu yẹn nìkan ló sì rí gbá mú bí agbára. Nítorí náà, aago méjì ni wọ́n ń wá, kì í ṣe aago mẹ́fà. Tí ọmọ bá ti da aago méjì mọ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá, ó ti ní wákàtí mẹ́rin tó lè fi ṣe nǹkan mìíràn.

Ohun tó sábà máa ń ba ìtọ́jú yìí jẹ́ nílé ni pé láàárín oṣù àkọ́kọ́, ọmọ lè le sí i lẹ́nu. Ìbínú tó ti ń fi oògùn tẹ̀ mọ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, á dá bàbá lóhùn, àwọn ará ilé á ní “Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bà á jẹ́ sí i,” wọ́n á sì dá a dúró. Ẹ má dá a dúró nígbà yẹn. Ẹ má sì bi í léèrè ohun tó sọ níbẹ̀. Ẹ san owó ọkọ̀ fún awakọ̀, kí ẹ má fi lé ọmọ lọ́wọ́. Àdúrà àti sàráà, ẹ máa ṣe wọ́n lọ. Ẹgba nìkan ni a bẹ̀ yín pé kí ẹ bá wa gbà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Awakọ̀ ni ọkọ mi. Kò lè jáde láàárọ̀ láìmu paraga, tó bá sì di alẹ́ á gbé Rohypnol méjì mì. Ó ti búra pé òun á jáwọ́. Àwọn àbúrò rẹ̀ ní ká tì í mọ́ yàrá fún ọ̀sẹ̀ kan, kí gbogbo rẹ̀ lè jáde. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó kúkú máa fa igbó, pé ìyẹn fúyẹ́. (Ìyàwó ilé, Ọ̀fà)

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tì í mọ́lé. Nínú ohun tí èèyàn ń sọ di bárakú, méjì ló wà tí jíjáwọ́ lójijì fi lè pani: ọtí, àti oògùn oorun irú Rohypnol àti Valium. Ọkọ yín ń lo méjèèjì. Ti tramadol àti heroin nira gan-an, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí jíjáwọ́ nínú wọn pa àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, tó sì ń rí omi mu.

Láàárín wákàtí 6 sí 12 lẹ́yìn ife paraga tó gbẹ̀yìn, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, òógùn á bò ó, àyà á máa lù kìkì. Gìrì lè mú un kó tó pé wákàtí 48. Láàárín ọjọ́ kejì sí ìkẹrin ni èyí tó burú jù máa ń dé: á máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, kò ní mọ ibi tó wà, ara á gbóná. Àwọn ará ilé á ní iwin ló gbé e. Ọtí tó ń fi ara sílẹ̀ ni. Ti Rohypnol lè dé lẹ́yìn èyí, kó sì pẹ́ jù ú lọ, torí oògùn náà kì í tètè kúrò lára.

Kó tó jáwọ́ ni kí ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá ti jáwọ́. Láti Ọ̀fà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọsibítù ìjọba tó wà níbẹ̀, kí wọ́n kọ̀wé fún yín lọ sí UITH, ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ìlọrin, tàbí sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Bùdó-Ẹ̀gbá. NDLEA, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti oògùn olóró, náà ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́ fún ìmọ̀ràn: 0800 1020 3040. Ẹ kó páálí oògùn rẹ̀ dání. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: hóró mélòó lójúmọ́, ife mélòó, ìgbà wo ló mu ún kẹ́yìn, ṣé gìrì ti mú un rí, ṣé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ má tìtorí ìtìjú dín iye náà kù, orí rẹ̀ ni dókítà máa gbé ìṣirò lé. Wọ́n sábà máa ń fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní diazepam (òun náà ni Valium) ní ìwọ̀n tó máa dí àlàfo náà, wọ́n á wá máa dín in kù. Ti ọtí lè parí láàárín ọjọ́ 5 sí 7. Ti Rohypnol lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀ tàbí oṣù, torí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ni wọ́n ń yọ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á tún fún un ní fítámì B1, èyí tí ọtí máa ń jẹ tán lára. Àìsí rẹ̀ lè ba ọpọlọ jẹ́ kọjá àtúnṣe.

Ní ti igbó, ẹ gbọ́ ìtàn kan. Sigmund Freud gan-an, ẹni tí ìtọ́jú ọ̀rọ̀ yìí ti ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kọ̀wé yin cocaine ní 1884. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, dókítà Ernst von Fleischl-Marxow, ti di ẹrú morphine nítorí ìrora ibi tí wọ́n ti gé àtàǹpàkò rẹ̀. Freud ní kó fi cocaine rọ́pò morphine. Kò pẹ́ tí méjèèjì fi di bárakú sí i lára. Ìrora ọwọ́ náà kò lọ síbì kankan, ọkùnrin náà sì kú ní 1891. Bí ọkọ yín bá fi Rohypnol sílẹ̀ bọ́ sínú igbó, ohun tó ń lé oorun lójú rẹ̀ lálẹ́ ṣì wà nínú yàrá pẹ̀lú yín.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìtàn ìgbà èwe rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba aṣọ kan ṣoṣo tó fi ń bora ni. Tí ẹ bá tún ṣí fèrèsé, á sá padà lọ mú un. Oorun, oúnjẹ, àti ẹnì kan tó ń wá wò ó ní àkókò kan náà lójoojúmọ́ ni iṣẹ́ ìgbà yẹn. Ìgbà tó bá ti pé bí oṣù kan sí mẹ́ta tí kò fọwọ́ kan nǹkan ni ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ tó lè bẹ̀rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Mo ń po omi ikọ́ oní-codeine mọ́ ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Mo ti ń lọ rí olùdámọ̀ràn. Gbogbo ìgbà ló ń bi mí pé, “Báwo ló ṣe rí nínú rẹ?” Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Mo máa ń ní kò sí nǹkan. Ó jọ pé mò ń fi àkókò àwa méjèèjì ṣòfò. (Táńkẹ̀, Ìlọrin)

ÌDÁHÙN: O ò fi àkókò ṣòfò, àbúrò wa. “Mi ò mọ̀” tí o sọ yẹn wúlò púpọ̀. Henry Krystal, dókítà ọpọlọ kan tó la àgọ́ ìpakúpa Auschwitz já, tó wá ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, rí i lára àwọn tójú wọn ti rí màbo àti lára àwọn oní-bárakú pé nǹkan tó ń ṣe wọ́n kì í di ọ̀rọ̀. Ara ni gbogbo rẹ̀ ń dúró sí: àyà híhá, ikùn lílọ́, orí fífọ́. Ẹni tí kò mọ̀ bóyá ẹ̀rù ló ń bà á tàbí ebi ló ń pa á, oògùn kan náà ló máa lò fún gbogbo rẹ̀.

Àǹfààní rẹ ni pé èdè tí o ń sọ ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ara ni Yorùbá máa ń fi nǹkan wọ̀nyí sí: ojú ló ń tì wá, inú ló ń bí wa, àyà ló ń já, ọkàn ló ń pòrúùrù, orí ló ń wú. Má bẹ̀rẹ̀ láti orúkọ. Bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó wà lára.

Ra ìwé kékeré kan tó wọ àpò. Lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, ní aago 7 àárọ̀, aago 2 ọ̀sán àti aago 9 alẹ́, kọ ìlà kan ṣoṣo: ibo lára, bó ṣe rí níbẹ̀ (ó le, ó gbóná, ó ṣófo, ó wúwo), ta ló wà nítòsí, àti bí ó ti ń wù ọ́ tó láti mu codeine, láti 0 dé 10. Irú èyí: “Aago 2. Àyà. Ó há. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé fóònù sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ló pè. 7.” Ó tán. Ṣe é fún ọjọ́ 14, kí o wá kó ìwé náà lọ bá olùdámọ̀ràn rẹ. Ẹ jọ wo àwọn ibi tí o kọ 6 sókè sí, kí ẹ sì wo orúkọ tó ń jáde níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Ibẹ̀ ni orúkọ nǹkan náà á ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ: “Ojú ló ń tì mí. Wọ́n ń san owó ilé ìwé fún mi, mo sì ti féèlì.”

Àwọn tí kì í ṣiṣẹ́ fún sábà máa ń fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ di alẹ́ kí wọ́n tó kọ ọ́ pọ̀. Nígbà yẹn, ọpọlọ ti fọ gbogbo rẹ̀ mọ́, ohun tí wọ́n á kọ ni “ó dáa.” Àwọn mìíràn ń kọ ìtàn gígùn nípa ohun tí ẹlòmíràn ṣe, wọ́n sì gbàgbé ara. Ìlà kan tó.

Ọ̀rọ̀ mìíràn kan: láti 2018 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de ṣíṣe omi ikọ́ oní-codeine àti kíkó o wọlé. Èyí tí o ń rà lábẹ́lẹ̀ báyìí, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà iye codeine tó wà nínú rẹ̀. Ìgò méjì tó jọra lè má jọra nínú. Ẹ̀mí rẹ ṣe pàtàkì sí wa. Má ṣe dá nìkan mu ún nínú yàrá tí o ti ilẹ̀kùn rẹ̀, má sì da ọtí tàbí oògùn oorun pọ̀ mọ́ ọn títí tí wàá fi jáwọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ilé kéwú ni mo ní. Wọ́n máa ń kó àwọn ọmọ tí oògùn ti mú wá sọ́dọ̀ mi. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó ń jí owó, tó sì ń purọ́. Lówùúrọ̀ inú á bí mi débi pé mo ti ra ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tí mo fẹ́ fi dè é. Nírọ̀lẹ́ àánú rẹ̀ á ṣe mí, màá fún un lówó. Èmi fúnra mi, kí ló ń ṣe mí? (Ààfáà kan, Pàkátà, Ìlọrin)

ÌDÁHÙN: Ààfáà wa, Ọlọ́hun á san yín lẹ́san rere fún ìbéèrè yìí, torí ọ̀pọ̀ olùtọ́jú ni kì í bi ara wọn bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń ṣe yín ń ṣe gbogbo ẹni tó bá ń tọ́jú oní-bárakú. Ọmọ náà kó ilé wọn wá sọ́dọ̀ yín láìmọ̀. Bí bàbá bá jẹ́ ẹni tí ń nà án, tí ìyá sì ń yọ́ owó fún un lẹ́yìn, á ṣe ohun tó máa sọ yín di bàbá láàárọ̀, á tún ṣe ohun tó máa sọ yín di ìyá nírọ̀lẹ́. Ẹ mú ìbínú àti àánú yẹn bí ìròyìn. Wọ́n ń sọ bí ilé tó ti wá ṣe rí fún yín, ju bí ẹnu rẹ̀ ti lè sọ ọ́ lọ. Bí ẹ bá kàn ṣe ohun tí wọ́n ń tì yín ṣe, a jẹ́ pé ilé náà ṣì ń bá a lọ lábẹ́ òrùlé yín.

Ìlànà tó ń ran olùtọ́jú lọ́wọ́ jù níbí ni pé kí ó má ṣe ìpinnu kankan lórí ọmọ lọ́jọ́ tí ọmọ bá mú un bínú, bẹ́ẹ̀ ni lọ́jọ́ tí àánú bá mú un. Ẹ sùn lé e. Kí ẹlòmíràn, ìyàwó yín tàbí múálímù kejì, gbọ́ ọ kí ẹ tó ṣe é. Bí ó bá ya ẹ̀yin méjèèjì sọ́tọ̀, tó ní “Ààfáà burú, múálímù ló mọ̀ mí,” ẹ pe múálímù wá, kí ẹ jọ jókòó síwájú rẹ̀, kí ẹ sì sọ ohun kan náà.

Leon Wurmser, tó lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́nu irú iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà, kò gbà pé oní-bárakú kò ní ẹ̀rí ọkàn. Ó ní adájọ́ tó wà nínú wọn le ju ti ẹlòmíràn lọ, àti pé wọ́n ń mu oògùn kí adájọ́ náà lè dákẹ́. Ẹ wò ó bí ẹ bá sọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé “Olè ni ọ́, o ò ní ìtìjú.” Ẹ kàn bá adájọ́ rẹ̀ pariwo ni, á sì wá ohun tó máa pa á lẹ́nu mọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ sọ ọ́ báyìí: “Owó tó wà lábẹ́ ẹní kò sí mọ́. Mo mọ̀ pé ìwọ lo mú un. Wàá san ₦500 lọ́sẹ̀ títí á fi pé. Ọ̀la ní aago mẹ́rin, a ṣì máa jókòó bí a ti ń ṣe.” Ẹ̀ṣẹ̀ ti gba ìyà rẹ̀, ọmọ kò sì pàdánù yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ náà padà fún ẹni tó tà á. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2023, tó rọ́pò òfin àtijọ́ ti 1958, dáàbò bo ẹ̀tọ́ ẹni tí a ń tọ́jú. Yàtọ̀ sí òfin, a ti sọ lókè pé ibi tí apá kò bá ti ká nǹkan ni ìfẹ́ oògùn ti ń jí. Kò sí ibi tí apá èèyàn kò ti ká nǹkan tó inú ìdè.

Iṣẹ́ yín àti ti dókítà kò sì lòdì síra. Ní Aro, Abẹ́òkúta, láti 1954, Dókítà Adéoyè Lambo ń jẹ́ kí aláìsàn máa gbé láàárín abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn, ó sì ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Ẹ mú ọmọ lọ rí dókítà, kí ó sì máa ké kéwú rẹ̀ lọ lọ́dọ̀ yín.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé ẹ̀rí wà pé ìtọ́jú ọ̀rọ̀ yìí ń ṣiṣẹ́, àbí àlàyé dídùn lásán ni? (Nọ́ọ̀sì kan, Òmù-Àrán)

ÌDÁHÙN: Ẹ̀rí wà, ṣùgbọ́n ó ní ààlà. Ní 1983, George Woody, Lester Luborsky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Philadelphia gbé èsì jáde lórí àwọn tó ń gba methadone, oògùn tí dókítà fi ń rọ́pò heroin. Àwọn tí wọ́n fi ìtọ́jú ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ ti Luborsky kún ìmọ̀ràn fún ṣe dáadáa ju àwọn tó gba ìmọ̀ràn nìkan lọ, pàápàá àwọn tí ìdààmú ọkàn wọn pọ̀. Irú ìtọ́jú ọ̀rọ̀ kejì, èyí tó ń tún èrò ṣe, ṣiṣẹ́ bákan náà. Àmọ́ ní 1999, nínú ìwádìí tó kan àwọn 487 tí cocaine ti di bárakú fún, ìmọ̀ràn tààrà lórí bí èèyàn ṣe ń jáwọ́, pẹ̀lú ìjókòó ẹgbẹ́, ló borí méjèèjì.

Ohun tí a rí fà yọ ni pé kí ẹ má fi ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ nìkan tọ́jú ẹnikẹ́ni. Oògùn tó bá yẹ àti ìmọ̀ràn tààrà ni ìpìlẹ̀. Ẹni tó ti jáwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta tó tún padà, tí ọ̀fọ̀, ìfìyàjẹni tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn sì wà nídìí rẹ̀, òun ni kí ẹ tètè kọ̀wé fún lọ sọ́dọ̀ olùtọ́jú ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi ti lo oṣù mẹ́ta ní ọsibítù nítorí tramadol. Sátidé tó ń bọ̀ ló ń padà wálé. Kí ni kí n ṣe? Kí ni kí n sọ fún un? (Bàbá kan, Ìgbàjà)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú oríire, bàbá wa. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ nílé ló léwu jù fún ẹ̀mí rẹ̀. Ara rẹ̀ kò gba iye tó ń lò tẹ́lẹ̀ mọ́. Iye tó kàn ń mú un sùn ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn lè dá èémí rẹ̀ dúró báyìí. Ẹ sọ ọ́ fún un kedere, kì í ṣe bí ìhalẹ̀.

Bí ẹ bá bá a tó ń hanrun lọ́nà tí kò jọ oorun, tí ètè rẹ̀ ń ṣú, tí ẹ jí i tí kò jí, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ kí èébì má baà dí i lọ́fun, kí ẹ sì sáré gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ má fún un ní mílíìkì, ẹ má da omi lé e lórí. Bí gìrì bá mú un, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé tramadol ni: naloxone, abẹ́rẹ́ tó ń dá èémí padà, kì í dá gìrì tramadol dúró, ohun mìíràn ni wọ́n máa fi tọ́jú ìyẹn.

Kó tó dé, ẹ bá a tún yàrá rẹ̀ ṣe, kí ẹ sì kó gbogbo oògùn ìrora inú ilé lọ síbi tí kọ́kọ́rọ́ wà, títí kan ti ìyá rẹ̀ àgbà. Bí ó bá ní nọ́ńbà àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́ lórí fóònù, òun ni kó fọwọ́ ara rẹ̀ pa wọ́n rẹ́. Kí ẹ ti mọ ọjọ́ àti wákàtí tó máa padà lọ rí olùtọ́jú, kó má kọjá ọjọ́ 7. Láti Ìgbàjà sí Ìlọrin jìnnà tó láti fi ṣe àwáwí, nítorí náà kí owó ọkọ̀ oṣù kan ti wà nílẹ̀.

Ní ti ohun tí ẹ máa sọ, ẹ má kó mọ̀lẹ́bí jọ kí wọ́n máa dúpẹ́ pé ó ti tán. Ẹni tí wọ́n ti dúpẹ́ lórí rẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní lè jẹ́wọ́ lọ́jọ́ tó bá tún ń wù ú. Ẹ pè é sọ́tọ̀, ẹ ní: “Bí ó bá tún ń ṣe ọ́ bíi kí o mu ún, kí o tó mu ún, wá bá mi. Mi ò ní pariwo. Mi ò ní bi ọ́ pé kí ló dé. Màá kàn bi ọ́ pé láti aago mélòó ló ti ń ṣe ọ́.” Bí ó bá wá kan ilẹ̀kùn yín ní aago 11 òru, ẹ dìde, ẹ tan iná, kí ẹ jókòó tì í.